Ọjọ́ Tí Ọkọ Ọ̀rẹ́ Mi Tọrọ Àforíjì

Mo rántí ìrọ̀lẹ́ tí ọkọ aládùúgbò mi bẹ ìyàwó rẹ̀ lójú gbogbo wa nínú ọgbà ní Igbó-Elérin. Ọṣẹ ìfọṣọ ṣì wà lọ́wọ́ mi. Ọmọ Ìgbò ni ọkùnrin náà, ó ń ta rédíò ní Alaba. Ìjẹ̀bú ni ìyàwó, ọ̀rẹ́ mi sì ni. Ẹ̀sìn àwọn Júù ni wọ́n ń ṣe. Bí oòrùn bá ti wọ̀ báyìí, ààwẹ̀ ńlá wọn yóò bẹ̀rẹ̀, láìjẹ, láìmu, títí di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì. Ọ̀rẹ́ mi ti sọ fún mi pé ẹni tó bá ṣẹ ọmọnìkejì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bẹ onítọ̀hún, kí Ọlọ́run tó gbọ́ tirẹ̀.

"Ìyàwó mi, jọ̀ọ́," ni ó wí, Yorùbá rẹ̀ ń kọsẹ̀. "Mo pè ẹ́ ní àgàn níwájú àwọn ẹ̀gbọ́n mi. Kò dáa. Forí jì mí."

Ọ̀rẹ́ mi yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọkọ rẹ̀ tún bẹ̀ ẹ́, ó tún bẹ̀ ẹ́, kí obìnrin náà tó bú sẹ́kún, tó sì gbà.

Ó yẹ kí inú mi dùn, ṣùgbọ́n ìlara ni ó gbé mi mì. Ọkọ tèmi, tí ààwẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì kan kì í fò ó, ti pè mí ní ọ̀lẹ níwájú ìyá rẹ̀, kò sì bẹ̀ mí rí. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní ń fọ́. Mo wọlé, mo jókòó ti ọkọ mi.

"Dádì, ṣé ẹ ò ní nǹkan tí ẹ fẹ́ bá mi sọ ni?"

"Bíi kí ni?" Ó ń wá rìmóòtù.

Lọ́jọ́ kejì, tọkọtaya náà wọ funfun lọ sílé ìjọsìn wọn. Èmi tí mo ti jẹ ìrẹsì yó ń wò wọ́n bí ẹni tí ebi ń pa. Nígbà tí wọ́n ṣínu tán, ọ̀rẹ́ mi gbé búrẹ́dì wá fún mi. N kò lè pa á mọ́ra mọ́.

"Ìwọ rí ọkọ fẹ́," ni mo wí.

Ó wò mí. "O rò pé ó kàn ṣàdédé bẹ̀ mí ni? Mo ti di ẹrù mi. Mo ní tí kò bá bẹ̀ mí, mò ń lọ sílé bàbá mi nìyẹn. Ìwọ ńkọ́, ṣé o ti sọ fún tìẹ pé ó dùn ẹ́?"

N kò tíì sọ ọ́ rí. Mo wọlé, mo dúró níwájú tẹlifíṣàn. "Ọ̀lẹ tí ẹ pè mí níwájú Màmá, ó ṣì ń dùn mí."

Ó fi oúnjẹ rẹ̀ sílẹ̀, ó wọ yàrá lọ. Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni ó kọ ẹ̀yìn sí mi lẹ́nu ọ̀nà, tó ní, "Má bínú. Mi ò ní í sọ irú ẹ̀ mọ́."

Kò sì sọ ọ́ mọ́ títí dòní. Síbẹ̀, lọ́dọọdún, bí mo bá ti rí tọkọtaya náà nínú funfun, ìlara yẹn á tún yọjú. N kì í lé e mọ́. Òun ló kúkú jẹ́ kí n lè la ẹnu sọ ohun tó ń dùn mí.