Bí A Ṣe Fẹ́ Ṣe Òfin Amẹ́ríkà ní Ìdímù

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jẹ́ kí n fẹnu ara mi ròyìn ohun tí mo ṣe ní Sátidé tó kọjá, kí àwọn ará àdúgbò wa tó bá mi gbé e káàkiri. Ẹ rọra bú mi o. Mo ti bú ara mi tó!

Ẹni tí kò bá mọ̀ mí, tíṣà ni mí, ọmọ Èkìtì, Ìdímù ni mo sì ti ń gbé láti ọdún mẹ́rìndínlógún. Èmi náà ni sẹ́kítírì ẹgbẹ́ àdúgbò wa. Wọ́n ní mo mọ ìwé kọ. Ká sọ òótọ́, mo fẹ́ràn kí wọ́n máa sọ bẹ́ẹ̀.

Mo ní àbúrò kan tó ń jẹ́ Délé, Amẹ́ríkà ló wà. Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó ló ń ṣe níbẹ̀, àmọ́ kò ní ìwé ìgbélùú. Ní nǹkan bí oṣù méjì sẹ́yìn, ìpínlẹ̀ tó ń gbé bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn lórí òfin tuntun kan tó le koko. Ọlọ́pàá lè dá èèyàn dúró lójú títì kó ní kó mú ìwé jáde. Onílé tó bá gba ẹni tí kò ní ìwé sílé, òun náà ti rúfin nìyẹn.

Àwọn kan níbẹ̀ ní ó dáa bẹ́ẹ̀, pé ìlú gbọ́dọ̀ mọ ẹni tó ń gbé inú rẹ̀. Àwọn mìíràn ní ìwà ìkà gbáà ni. Délé á pè mí, á máa ka òfin náà fún mi ní ẹsẹ-ẹsẹ, ohùn rẹ̀ á máa gbọ̀n. Ó ní òun ò lọ síbì kankan mọ́ àfi ibi iṣẹ́. Ọmọ ìyá mi! Ṣé ọkàn mi lè balẹ̀?

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí fẹ́lóṣíìpù wa ọjọ́ Tọ́sìdé. Mo sunkún níbẹ̀, mo ní kí wọ́n bá mi bẹ Ọlọ́run. Gbogbo wọn ṣe àmín, kálukú sì gba ilé rẹ̀ lọ.

Ẹ wá gbọ́ tibí. Láàárín ìgbà yẹn náà ni àwọn olè kan wá gé wáyà tiransifọ́má wa lọ. Iná lọ, ẹja bàjẹ́ nínú fíríìjì, inú ń bí gbogbo èèyàn. Kò sẹ́ni tó rí olè náà o, àmọ́ kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, wọ́n ti mọ̀ ọ́n. Wọ́n ní àwọn àjèjì ni! Àwọn wo? Ẹ má bi mí.

Alága wa ti fẹ̀yìn tì, ìròyìn òkè òkun ló máa ń wò látàárọ̀. Ó ní ṣé a ò rí bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní Amẹ́ríkà ni? Ó ní a ò lè máa gbé pẹ̀lú ẹni tí a kò mọ̀. Onílé tó bá ní àyálégbé tí kì í ṣe ọmọ Nàìjíríà, tí kò sì ní ìwé, kó lé e jáde. Ló bá yíjú sí mi, ó ní, "Sẹ́kítírì, ẹ bá wa kọ ọ́ kó dùn."

Ó dùn lóòótọ́! Níbo lẹ rò pé mo ti rí i kọ? Ohun tí Délé fi ẹ̀rù kà fún mi lórí fóònù náà ni. Ẹsẹ kìn-ín-ní, onílé. Ẹsẹ kejì, ìwé. Ẹsẹ kẹta, ọjọ́ mẹ́rìnlá láti kó jáde. Mo tẹ̀ ẹ́, mo lu sítáǹpù ẹgbẹ́ mọ́ ọn. Ṣé orí mi pé báyìí? Lójú tèmi, oúnjẹ òòjọ́ ni Délé ń wá kiri. Àwọn tibí ni àjèjì.

Ní Sátidé, a pé sí kọ́m̀páǹdì Alága. Mo ka òfin mi pẹ̀lú ohùn tíṣà. Àwọn kan pàtẹ́wọ́. Bàbá Onílẹ̀, àgbàlagbà Àwórì tí bàbá rẹ̀ ta ilẹ̀ fún ìdajì àdúgbò wa, wò mí títí, ó ní níbo ni ìwé tèmi wà? Ó ní nígbà tí òun wà lọ́mọdé, ará Èkìtì ni wọ́n ń pè ní àjèjì níbí. Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín, mo ní, "Bàbá, ẹ ò ní í yé dápàárá."

Ìgbà náà ni Màmá Kòsí nawọ́ sókè.

Màmá Kòsí ni onídìrí iwájú ilé mi. Ọdún kẹwàá rèé tó ti ń dirun fún èmi àti àwọn ọmọ mi. Yorùbá rẹ̀ dán ju ti àwọn ọmọ mi lọ. Kíláàsì mi ni Kòsí ọmọ rẹ̀ wà. Lómè ní Tógò ló ti wá, mo mọ̀. Mo sì mọ̀ pé ọjọ́ ti kọjá lórí ìwé rẹ̀, òun ló sọ fún mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí gbọ́, nígbà tí mò ń kọ "àjèjì" yẹn, kò wá sí mi lọ́kàn rárá. Màmá Kòsí ni Màmá Kòsí jàre!

Kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ìbéèrè ló bi mí. Ó ní, "Àǹtí, ọjọ́ mẹ́rìnlá yẹn, ṣé òní ló bẹ̀rẹ̀ àbí Mọ́ńdè? Ìdánwò Kòsí ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ṣé ẹ lè bá mi fi ọ̀sẹ̀ kan kún un?"

Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ débi pé Alága ní kó sọ ọ́ sókè. Ó ní, "Ẹ má bínú, sà. Ààwẹ̀ ni mo gbà. Ọjọ́ kẹta rèé."

Alága bi í pé ààwẹ̀ kí ni? Ó wojú mi. Ó wá ní, "Ti Délé ni, sà, àbúrò Àǹtí. Wọ́n ń lé àwọn tí kò ní ìwé níbi tó wà."

Háà! Ojú tì mí, ẹ̀yin èèyàn! Nínú gbogbo àwọn tó ṣe àmín ní fẹ́lóṣíìpù, òun nìkan ló ń febi pa ara rẹ̀ nítorí ọmọ ìyá mi. Èmi alára jẹ dòdò kí n tó wá sípàdé!

Mo ní mo kó ọ̀rọ̀ mi jẹ. Alága fárí gá, ó ní òfin náà ti di ti gbogbo ilé, kì í ṣe tèmi nìkan mọ́. Mo ní kó wá ẹlòmíràn tó máa fọwọ́ sí i. Mo sọ ibi tí mo ti jí i kọ fún wọn, ẹkún sì gba ẹnu mi. Wọ́n jiyàn títí, wọ́n wá ní ká nawọ́. Àwọn tí kò fẹ́ òfin náà fi díẹ̀ pọ̀ jù. Alága ò tíì kí mi títí di òní, a ò sì tíì rí wáyà wa.

Nírọ̀lẹ́, mo gbé ògì àti mọ́ínmọ́ín lọ kó fi ṣínu. Mo fẹ́ kúnlẹ̀, ó yára dì mí mú. Ó ní kí n jẹ́ kí òun parí àdúrà òun ná. Ó dijú, ó ní, "Olúwa, níbi tí Délé bá wà, fún un ní onílé tó dáa." Mo ṣe àmín, mo bu ògì fún un.

Ohun tí mo rí kọ́ kò pọ̀: kí n tó kọ òfin lé ẹnikẹ́ni lórí, kí n kọ́kọ́ ronú kan ẹni tó ń bá mi dirun. Ẹ̀yin ńkọ́? Ṣé ẹ ti lé ẹni tí ẹ fẹ́ràn rí láìmọ̀ pé òun ni ẹ̀ ń lé? Ẹ sọ tiyín nísàlẹ̀ níbí. Ẹni tó bá fẹ́ bú mi náà, ó láǹfààní. Ṣùgbọ́n kó kọ́kọ́ bá Màmá Kòsí ṣe àmín fún Délé, kó sì bá mi ṣe ti Màmá Kòsí mọ́ ọn.