Ẹtu tí Màmá fi hàn wá ní Ìgbẹ́sà

"Ẹ pa ẹnu dé! Etí la kọ́kọ́ máa ń fi wo ẹranko, ojú á wá tẹ̀ lé e."

Ìyá ìyá mi, tí a ń pè ní Màmá, ló ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ bẹ́ẹ̀. Èmi àti àbúrò mi ọkùnrin lúgọ tì í lẹ́yìn igi ọ̀pẹ kan ní Ìgbẹ́sà. Òórùn irin tí wọ́n ń yọ́ ní iléeṣẹ́ ìtòsí ń bá òórùn ewé tútù jà nímú wa. Màmá ti so gèlè rẹ̀ mọ́ ìbàdí bí ẹni tó fẹ́ wọ̀jà.

Kí Màmá tó wá máa gbé lọ́dọ̀ wa ní Sango, ó ti pẹ́ tó ti ń se oúnjẹ nínú igbó ìjọba kan lókè ọ̀hún, níbi tí àwọn àlejò ti máa ń fi ọkọ̀ lọ wo ẹranko. Bí àyè bá ṣẹ́ kù nínú ọkọ̀, òun náà á gòkè. Ó rí erin, ó rí erinmi, ó sì ń fi yangàn. Bó bá ti ń já ẹ̀fọ́ lẹ́nu ọ̀nà, tó ní, "Lọ́jọ́ tí mo rí erin," gbogbo ọmọ ilé á ti pé lé e lórí.

Bọ̀ọ̀dá kan tí a jọ ń gbélé, tó ń ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ ike, ló máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

"Ìyá Elérin, ẹ rọra o! Ẹranko wo ló kù láyé yìí? Ìgbẹ́sà tó wà nítòsí gan-an, ṣé nǹkan míì wà níbẹ̀ ju tírélà lọ?"

Ọ̀rọ̀ náà dun Màmá. "Ẹranko wà ní Ìgbẹ́sà. Màá mú àwọn ọmọ yìí lọ lọ́la. Bí wọn ò bá rí nǹkan kan, ẹ ò ní gbọ́ ọ̀rọ̀ erin lẹ́nu mi mọ́ láé."

Màmá kì í sọ̀rọ̀ kó yẹ̀ ẹ́.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe dénú igbó. A lúgọ títí ẹsẹ̀ fi ń ro wá, eèrà ń ta wá, a ò rí nǹkan kan. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ Ọlọ́run nínú ọkàn mi. Ìgbà yẹn ni bàbá àgbẹ̀ kan yọ pẹ̀lú àdá. Àbúrò mi, ọmọ tí wọ́n ti fi pàṣán kọ́ ní ìkíni, gbàgbé òfin Màmá pátápátá. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí ewé gbígbẹ, ó lọgun: "Ẹ kú iṣẹ́ o, sà!"

Ni koríko bá mì. Ẹtu kan fò jáde, ara rẹ̀ rí bí eérú, ojú rẹ̀ dúdú kirikiri. Ó gba iwájú wa kọjá, ó sì wọgbó lọ.

"Ẹtu rèé!" ni bàbá náà kígbe.

Màmá ti gbé ọwọ́ sókè láti gbá àbúrò mi létí. Ó sọ ọwọ́ kalẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Ọmọ tá a kọ́ tó gbọ́ nìyí. Ìkíni ẹ ló lé e jáde!"

Bí a ṣe délé, bọ̀ọ̀dá ti ń dúró dè wá. "Ẹ̀yin ọmọ, ṣé ẹ rí nǹkan fìrí ni?"

"A ò rí fìrí," ni mo dá a lóhùn, mo gbé àyà síta. "Ẹtu la rí."

Ó wo ojú mi, ó wo ti àbúrò mi, ó sì dọ̀bálẹ̀ fún Màmá. "Màmá, mo túúbá." Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, òun ló kọ́kọ́ gbé àpótí wá jókòó, tó ní kí Màmá sọ ti erin.

Màmá ti re ọ̀run báyìí, iléeṣẹ́ sì ti gba ibi tí ẹtu yẹn ń gbé. Mo ti dàgbà, mo ti jókòó láàárín àwọn tó lè fi ẹ̀rín pa òótọ́ mọ́ni lẹ́nu. Wọn ò rí tèmi pa. Ọmọ-ọmọ obìnrin tó rí erin, tó sì sọ pé òun rí erin, ni mí, orí mi sì ń wú.