Ohun tí Ẹ̀rọ Wàhábì Rí Lẹ́yìn Ọjà

Ọdún mọ́kànlá ni Wàhábì fi gbin etí sínú ilẹ̀ fún àwọn tó ń wá epo rọ̀bì lọ́hùn-ún, ní ìhà etí òkun. Etí ni òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é: nǹkan tó tó ìkúùkù, tó ní ìṣó lábẹ́, tí wáyà so pọ̀ mọ́ra la inú ẹrẹ̀ kọjá. Bí wọ́n bá gbìn ín tán, wọn a yin ẹ̀tù nínú ihò. Ariwo rẹ̀ a wọ ilẹ̀ lọ, a kan àpáta, a sì padà wá bá àwọn etí náà. Àwọn ọ̀gá inú ọkọ̀ ló ń rí àwòrán ohun tí ilẹ̀ sọ. Wàhábì kàn ń ká wáyà ni. Lọ́jọ́ kan ṣá, ọ̀gá kan tó ń jẹ́ Festus pè é wọlé, ó fi àwọn ìlà dúdú hàn án, tí wọ́n wọ́ lọ bí aṣọ tí a kò tẹ́ dáadáa. Ó ní ìsàlẹ̀ ilẹ̀ nìyẹn, máìlì méjì sísàlẹ̀. Láti ọjọ́ náà, Wàhábì kò lè tẹ ibì kan kó má béèrè ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀.

Ó padà sí Ìwéré-Ilé pẹ̀lú ẹ̀rọ kan tí kò ju páálí bàtà lọ. Omi ló ń fi í wá. Èyí kò ní ẹ̀tù nínú. Iná bátìrì ló ń gba ara irin méjì wọ ilẹ̀, irin méjì mìíràn a sì jẹ́ kó mọ bí iná náà ṣe rìn. Àpáta gbígbẹ kì í jẹ́ kí iná kọjá. Ibi tó bá tutù, wọ́ọ́rọ́wọ́ ni iná ń kọjá, nọ́ńbà ojú ẹ̀rọ a sì wálẹ̀. Bí àwọn irin bá ṣe jìnnà síra tó ni iná ṣe ń jìn wọ ilẹ̀ tó.

“Injiníà, ẹ bá wa wá epo rọ̀bì, kí àwa náà di ọlọ́lá!” Báyìí ni àwọn ará ìlú ṣe máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

“Òkúta líle ló wà lábẹ́ wa,” ni Wàhábì máa ń dáhùn. “Epo kì í gbé ibẹ̀. Omi gan-an, ibi tí òkúta bá ti sán ló ń sá pamọ́ sí.”

Ní oṣù Èrèlé, wọ́n ní ọkọ̀ agbẹ́kànga ń bọ̀ wá sí àdúgbò ẹ̀yìn ọjà. Ihò kan péré ni. Bó bá gbẹ, ọkọ̀ yóò kọjá lọ sí Àgọ́-Àmọ́dù. Èyí tí Wàhábì yan ibi rẹ̀ ní Kòmú lọ́dún tó kọjá, eruku ló mú jáde. Bí ti ìlú rẹ̀ bá tún gbẹ, ta ni yóò tún pè é wá wo ilẹ̀?

Ilẹ̀ pápá bọ́ọ̀lù ẹ̀yìn ọjà le bí àpáàdì. Ìyá Misturat, arúgbó tí ilé rẹ̀ kọjú sí pápá, rí i tó ń da omi sí ìdí irin.

“Yéè! Wàhábì! Omi ni wọ́n ní kí o wá, o wá ń da tiwa nù?”

“Ẹ má bínú, Màmá. Bí ilẹ̀ bá gbẹ jù, iná kì í wọlé. Omi iyọ̀ díẹ̀ la fi ń bẹ̀ ẹ́.”

“Ilẹ̀ wo ló ń jẹyọ̀?”

Olúsọjí, hẹdimásítà tó ń bá a fi òòlù gbá irin, rẹ́rìn-ín títí. Nígbà tí wọ́n dé ẹ̀gbẹ́ pápá, nọ́ńbà já wálẹ̀ lójijì. Olúsọjí fò sókè. “Ibí ni! Ibí ni, Injiníà!” Ó ti ń wá èèkàn tí yóò rì síbẹ̀.

Ṣùgbọ́n Wàhábì dúró. Kò tíì da omi sí ìdí irin wọ̀nyẹn rárá, iná sì wọlé. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi èékánná ha ilẹ̀. Ó funfun díẹ̀. Ó fi kan ahọ́n, ó ta á lẹ́nu bíi kán-ún.

“Eérú wa lò ń lá yẹn,” ni Ìyá Misturat wí. “Ìyá ìyá mi, ìyá mi, èmi náà kí ẹ̀yìn ríro tó lé mi kúrò nídìí ìkòkò, ibẹ̀ la ti ń rẹ aró. Bí a bá sẹ́ omi eérú tán, ibẹ̀ la ń da eérú rẹ̀ sí.”

“Màmá, ẹ ò ṣe sọ?” ni Olúsọjí bi í.

“Ta ló bi mí? Ẹ̀rọ lẹ̀ ń bi.”

Wàhábì jókòó sílẹ̀. Ẹ̀rọ kò purọ́. Ó ní iná ń kọjá, kò sọ ohun tó jẹ́ kó kọjá. Òjò ọgọ́rùn-ún ọdún ti wọ́ iyọ̀ eérú náà wọ ìsàlẹ̀; iyọ̀ yẹn ni iná ń bá kọjá, kì í ṣe omi. Ó dìde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bi ìyá náà léèrè: níbo ni ìkòkò tó wà lẹ́yìn jù wà? Ibo ni eérú dé? Ibo ni ilẹ̀ kì í tètè gbẹ lẹ́yìn òjò? Ìyá Misturat mú ọ̀pá, ó ń tọ́ka, ó ń bú u pé ìbéèrè rẹ̀ ti pọ̀ jù, síbẹ̀ kò dákẹ́.

Lẹ́yìn ibi tí ọ̀pá náà fi ààlà sí, Wàhábì tún irin rì. Nọ́ńbà ibẹ̀ ga, kò dùn ún wò. Ṣùgbọ́n bí irin ṣe ń jìnnà síra, dípò kó gòkè bí ti òkúta líle, ńṣe ló rọra ń rẹlẹ̀.

“Èyí àkọ́kọ́ ló dára jù lórí ìwé,” ni Olúsọjí wí. “Bí èyí bá gbẹ ńkọ́?”

“Orúkọ mi ló máa wà lábẹ́ ìwé náà.” Ó sì fọwọ́ sí ìwé tó yan ibẹ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀, ẹ̀rọ agbẹ́kànga bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Ogún mítà, eruku. Ọgbọ̀n mítà, eruku. Ẹnìkan ní, “Kòmú tún dé o!” Wàhábì kò wo ojú ẹnikẹ́ni. Ní mítà méjìdínlógójì, eruku di ẹrẹ̀, ẹrẹ̀ di omi, omi sì tú sókè lu gbogbo wọn. Àwọn obìnrin sáré wọlé lọ gbé korobá.

“Injiníà, ẹ wá ya fọ́tò!” ni Olúsọjí ń pariwo.

“Mò ń bọ̀.”

Kò wá. Ó lóṣòó ti àwọn èérún òkúta tí ẹ̀rọ tú jáde, ó ń ṣa wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń fi àtàǹpàkò nu wọ́n, ó ń wá èyí tó sán.