Àdúrà Ọdún Tí Ẹ̀gbọ́n Mi Máa Ń Ṣe

Nínú oṣù kẹta ọdún tó kọjá ni ọmọ ẹ̀gbọ́n mi wá láti Ògbómọ̀ṣọ́, ó ní òun fẹ́ mú ìyá òun lọ. Ojú ẹ̀gbọ́n mi ti di bàìbàì, wọn kò lè dá títì kọjá mọ́, èmi náà kì í sì í sí nílé láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Kò sí ohun tí mo lè bá ọmọ náà jiyàn lé lórí. Àdúgbò Lagos Town yìí, nílẹ̀ àwọn Gá, ni wọ́n bí àwa méjèèjì sí. Láti ìgbà tí ìyàwó mi ti kú, àwa méjì la jọ ń gbé nínú yàrá tí bàbá wa fi sílẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ fẹ́ gbéra, wọ́n fọwọ́ wá ojú mi, wọ́n ní, "Àbúrò mi, máa jẹun o." Mo ní mo ti gbọ́.

Oṣù méjì gbáko ni mo ṣì fi ń se oúnjẹ ẹni méjì. Ní Adabraka, níbi tí mo ti ń ta òwú, bọ́tìnnì àti síìpù fún àwọn aránṣọ, Twi ni mo ń sọ, tàbí Haúsá. Ọmọ mi tó ń gbé ní Dansoman gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ló fi ń dá mi lóhùn. Lọ́jọ́ kan, alángbá kan gun ògiri ṣọ́ọ̀bù mi, n kò sì rántí orúkọ rẹ̀ lédè wa. Ti Twi wá, ti Haúsá wá, tiwa kò wá títí mo fi jẹun ọ̀sán tán. Ẹ̀rù bà mí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún yìí, àwọn ará àgbàlá wa ti lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ọmọ mi ti sọ lórí fóònù pé iṣẹ́ kò ní jẹ́ kí òun wá. Mo kírun, mo tún lọ dùbúlẹ̀, mo kọjú sí ògiri. Oòrùn ti ga kí ẹnì kan tó kanlẹ̀kùn. Ìyá àgbàlagbà kan ni, ọmọ Gá, tí ilé wọn kọjú sí tiwa. Wọ́n gbé tùwó ìrẹsì àti ọbẹ̀ ẹ̀pà dání.

"Ẹ kú ọdún o," ni wọ́n wí. "Ọdún á yabo."

Ahọ́n wọn wúwo, ṣùgbọ́n Yorùbá ni. Mo di ilẹ̀kùn mú.

Wọ́n yí sí Twi. "Ṣé bí ẹ ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mama. Ta ló kọ́ yín?"

"Ẹ̀gbọ́n rẹ ni. Ọdọọdún ló ń wá kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà mi, tí á máa gbàdúrà fún mi lédè yín. N kò gbọ́ ọ̀kankan. Àmín ni mo ṣáà ń ṣe. Lónìí, n kò rí ẹni tó wá. Kí ni mo ti ń ṣe àmín sí láti gbogbo ọdún yìí wá?"

A jókòó. Mo sọ fún wọn pé abo ló ń bímọ, pé ọdún tí yóò bí ire là ń tọrọ.

"Ṣé ó ń dárúkọ ọmọ mi tó wà lókè òkun?"

Ó wù mí kí n parọ́. "N kò mọ̀, Mama. N kò sí níbẹ̀."

Wọ́n ní, "Ó dáa, ìwọ ṣe é fún mi."

N kò gbàdúrà sókè fún ẹnikẹ́ni rí. Mo bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìtìjú. Mo ní ẹni tó lọ á bọ̀ láyọ̀. Mo ní ẹni tó ń dá jẹun á rí ẹni tí yóò bá a jẹun. Mo ní ojú tó ń wọ̀nà kò ní pọ́n, àárẹ̀ kò ní mú wa lọ́dún yìí, àṣèyí ṣàmọ́dún. Wọn kò ṣe àmín sí èyíkéyìí àfi ìgbà tí mo bá túmọ̀ rẹ̀.

Lẹ́yìn tí a jẹun tán tí wọ́n lọ, ilé tún dákẹ́ bíi ti àná. Mo pe ẹ̀gbọ́n mi, mo ròyìn fún wọn.

"Ìwọ lo gbàdúrà?" ni wọ́n bi mí.

"Èmi ni."

"Ó ku tèmi nìyẹn."

Mo bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì ń ṣe àmín láti Ògbómọ̀ṣọ́.