Àtìmọ́lé Tí Wọ́n Fowó Rà

Bí wọ́n bá sọ fún ọ pé àgbàlagbà mẹ́fà jí láàárọ̀, wọ́n wẹ̀, wọ́n para, wọ́n wọ aṣọ tó dáa, wọ́n wá lọ sanwó fún ẹni tó máa tì wọ́n mọ́lé, ṣé o ò ní béèrè pé ṣé orí wọn pé? Ìyá Alápò béèrè. Inú bọ́ọ̀sì ló ti béèrè, ó sì béèrè sókè dáadáa. Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn, nítorí ọ̀gá wọn jókòó níwájú, òun ló sì mú àbá náà wá.

Iṣẹ́ ìfọṣọ ni Ìyá Alápò ń ṣe, ní lọ́ńdírì òtẹ́ẹ̀lì ńlá kan. Ọdún kejìlélógún rèé tó ti ń dúró nídìí tábìlì tí wọ́n ti ń ṣa aṣọ. Aṣọ kankan kì í wọ ẹ̀rọ láìkọjá lọ́wọ́ rẹ̀. Á tọwọ́ bọ àpò òsì, á tọwọ́ bọ àpò ọ̀tún, á fa inú àpò síta kó yọ bí ahọ́n ewúrẹ́, á tún fìka tẹ etí aṣọ lọ títí. Ohun tó ti rí nínú àpò àwọn èèyàn, bó bá ní kóun máa sọ ọ́, ìgbéyàwó tó máa dàrú á pọ̀: òrùka tí wọ́n bọ́ pamọ́, eyín àtọwọ́dá, lẹ́tà ìfẹ́ tí kì í ṣe ìyàwó ilé ló kọ ọ́. Òfin kan ṣoṣo ló wà fún irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ìyá Àgbà, olórí wọn, ló fi kọ́ ọ lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ débẹ̀: "Ohun tó bá wà nínú àpò oníbàárà, ti oníbàárà ni. Má tú u wò, má fi han ẹnikẹ́ni. Dì í sínú áńkáṣíìfù, tíṣẹ́ bá parí, kó o fà á lé olórí lọ́wọ́." Àṣà yẹn ti wọ̀ ọ́ lẹ́jẹ̀. Ọkọ rẹ̀ pàápàá, nínú ilé ara rẹ̀, kì í fi nǹkan sápò ṣòkòtò sùn.

Ìyá Àgbà ń fẹ̀yìn tì lóṣù tó ń bọ̀. Bẹ́ẹ̀, nínú gbogbo lọ́ńdírì yẹn, àga kan péré ló wà, àga olórí ni. Gbogbo àwọn tó kù, ìdúró ni. Orúnkún Ìyá Alápò sì ti ń dún bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo rí. Dókítà ò tiẹ̀ fi pa mọ́ fún un: "Mọ̀mọ́, ẹ wá iṣẹ́ tí ẹ máa jókòó ṣe. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí ọdún yìí tó parí, ẹ ò ní lè ṣiṣẹ́ kankan mọ́." Nítorí náà, kì í ṣe ipò ló ń wá, kò sì wá kí wọ́n máa pe òun ní ọ̀gá. Àga yẹn ló ń wá.

Ẹlòmíì náà ń wá a. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ni, ẹ̀rọ ló ń bójú tó, kò tíì lò ju ọdún mẹ́ta lọ lọ́dọ̀ wọn. Ọ̀jọ̀gbọ́n ni wọ́n ń pè é, torí kò sí ohun tí kì í ṣàlàyé. Bó o bá kí i pé "Ẹ káàárọ̀," á ṣàlàyé ohun tó jẹ́ kílẹ̀ mọ́ fún ọ. Àwọn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò méjì tó ń lọ aṣọ sì ti gbà pé ọlọ́pọlọ ni. Bó bá ti sọ̀rọ̀, ẹ̀gbọ́n á ní "Bẹ́ẹ̀ ni," àbúrò á ní "Bẹ́ẹ̀ náà ni." Orúkọ tí gbogbo lọ́ńdírì wá ń pe àwọn méjèèjì nìyẹn, Bẹ́ẹ̀-Ni àti Bẹ́ẹ̀-Náà-Ni.

Ọdọọdún lọ̀gá máa ń kó wọn rìnrìn àjò ọjọ́ méjì lọ sí ìlú tó wà létí òkun. Lọ́dún tó kọjá, wọ́n lọ wo ẹja. Tọdún yìí, ọ̀gá dìde nínú bọ́ọ̀sì, ó di irin òkè mú, ó ní, "Mo ti kà á nínú ìwé kan pé inú eré lèèyàn ti ń mọ ẹni tó lè ṣe olórí. Wọ́n máa tì wá mọ́ yàrá kan. Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn nínú yín, òun ni mo máa fi ṣe olórí lọ́ńdírì. Mo ti sọ ọ́, mi ò sì ní yí i padà."

"Ọ̀gbọ́n gidi lẹ dá yìí, sà," ni Ọ̀jọ̀gbọ́n wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Bẹ́ẹ̀ náà ni."

Ìyá Alápò yọ fóònù, ó pe ọkọ rẹ̀, tó ń ṣe gáàdì nílé ìkẹ́rùsí kan.

"Baba wọn, wọ́n fẹ́ lọ tì wá mọ́lé o."

"Ta ló fẹ́ tì yín mọ́lé? Kí lẹ jí?"

"A ò jí nǹkan kan. Wọ́n ní eré ni. Ọ̀gá ti sanwó ẹ̀."

"Èmi tí mò ń ti èèyàn mọ́ta lálaalẹ́," ló wí, "kò sẹ́ni tó tíì sọ fún mi pé iṣẹ́ olówó ló wà lọ́wọ́ mi."

Òpópónà kékeré kan ni ilé náà wà, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ sì wà láàárín ṣọ́ọ̀bù ẹni tó ń tún bàtà ṣe àti ti dókítà eléyín, nísàlẹ̀ ilé náà. Wọ́n gun àtẹ̀gùn méjì. Orúnkún Ìyá Alápò ka gbogbo ìgbésẹ̀ ẹ̀. Lókè, ọmọbìnrin kan jókòó lẹ́yìn káńtà, fọ́tò kún ara ògiri lẹ́yìn rẹ̀: oríṣiríṣi èèyàn tí wọ́n gbé pátákó dání, òmíràn ní "A JÁDE," òmíràn ní "A Ò JÁDE." Ọmọbìnrin náà ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ti ka ọ̀rọ̀ ọ̀hún lẹ́ẹ̀mẹwàá láàárọ̀ ọjọ́ yẹn.

"Baba olówó kan wà, ahun ni. Ó kú sínú yàrá ẹ̀, kò sì sẹ́ni tó mọ ibi tó fi kọ́kọ́rọ́ sí. Wákàtí kan lẹ ní láti rí i. Mo máa máa wò yín látinú ẹ̀rọ. Tó bá sú yín, ẹ pariwo, màá ràn yín lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Kóòtù wà níbẹ̀ tẹ́ ẹ bá fẹ́ wọ̀ ọ́ ya fọ́tò, gbogbo àwọn oníbàárà wa ló máa ń wọ̀ ọ́."

"Ó ṣé, ọmọ mi," ni Ìyá Alápò wí. "Baba náà ò ní ọmọ ni, tí àlejò fi ń bá a wá kọ́kọ́rọ́?"

Ọmọbìnrin náà ti ilẹ̀kùn.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ wá wo yàrá olówó! Òwú tí wọ́n fà bí okùn aláǹtakùn ló wà lókè àti nílẹ̀. Wọ́n fi gúlúù lẹ àwọn ìwé pọ̀ mọ́ pákó. Aago ńlá kan wà tí kò ṣiṣẹ́. Ti ilẹ̀kùn ọ̀hún ló ga jù: àgádágodo tí wọ́n so mọ́ ọn tó orí ọmọ ọwọ́. Ìyá Alápò ò tiẹ̀ wo gbogbo ìyẹn. Bẹ́ẹ̀dì ló ń wò. "Olówó wo ló ń sùn sórí bẹ́dṣíìtì tó pọ́n báyìí?" ló wí. "Aṣọ yìí ò rí omi láti ọdún tó kọjá. Ikú wo lẹ tún ń wádìí? Ìdọ̀tí ló pa á."

Kóòtù mẹ́ta ló wà lára ìkọ́ lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Bó ṣe ń kọjá, ọwọ́ rẹ̀ ti wọnú ti àkọ́kọ́, kò tiẹ̀ rò ó. Òsì, òfo. Ọ̀tún, òfo. Èkejì náà, òfo. Nínú ẹ̀kẹta, ìka rẹ̀ kan nǹkan nísàlẹ̀ àpò ọ̀tún. Kọ́kọ́rọ́ kékeré kan ni, wọ́n so òwú búlúù mọ́ ọn.

Ó wo kọ́kọ́rọ́, ó wo àgádágodo tó tó orí ọmọ. Ó mi orí. Kọ́kọ́rọ́ àpótí ni èyí, tàbí ti ilé ẹnì kan. Ẹnì kan ti wọ kóòtù yìí ya fọ́tò, ó wá gbàgbé nǹkan ẹ̀ síbẹ̀. Ó ṣeé ṣe kó wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ báyìí, kó máa tú báàgì rẹ̀ sílẹ̀, kó máa bá ọkọ jà. Ìyá Alápò yọ áńkáṣíìfù, ó di kọ́kọ́rọ́ náà, ó ta á ní kókó, ó tì í bọ báàgì. Bí wọ́n bá jáde, á fà á lé ọmọ káńtà lọ́wọ́. Ìṣẹ́jú mẹ́ta ò tíì pé tí wọ́n wọlé.

Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn.

Ó wá a o! Torí àga yẹn, ó wá a. Ó tú ìrọ̀rí, ó tẹ etí mátíràsì yíká, ó fi orúnkún tó ń ro ó kúnlẹ̀ wo abẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù. Ọ̀gá ti ara bọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, bàtà rẹ̀ nìkan ló kù níta. Ìyá Àgbà wo gbogbo wọn, ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ní ẹni tó ń fẹ̀yìn tì kì í wá kọ́kọ́rọ́, ó sì sùn.

Ọ̀jọ̀gbọ́n ò fọwọ́ kan nǹkan kan. Àárín yàrá ló dúró sí, ó ká ọwọ́ pọ̀.

"Ẹ má kàn máa tú nǹkan bẹ́ẹ̀ yẹn, mọ̀mọ́. Iṣẹ́ ọpọlọ ni. Aago yẹn dúró sí agogo mẹ́rin ó lé ogún. Ìwé mẹ́rìnlélógún ló wà lórí pákó. Ṣé ẹ rí i?"

"Mo rí i. Kí ló wá fẹ́ ṣe fún wa?"

"Mẹ́rin àti ogún, mẹ́rìnlélógún!"

"Bẹ́ẹ̀ ni!"

"Bẹ́ẹ̀ náà ni!"

Ọ̀gá yọ orí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, òwú ti bò ó níwájú orí. "Ó yé mi," ló wí. Kò yé e. Wọ́n ka táìlì ilẹ̀ dé ìkẹrìnlélógún, wọ́n fi gìgísẹ̀ gbá a. Wọ́n ka láti apá kejì, wọ́n tún gbá a. Ẹni tó ń tún bàtà ṣe nísàlẹ̀ fi nǹkan lu àjà padà fún wọn.

Ohùn ọmọ káńtà jáde látinú ẹ̀rọ òkè: "Ṣé ẹ fẹ́ ìrànlọ́wọ́?" Ó dà bí ẹni tó ń pa ẹ̀rín mọ́nú.

"Rárá o!" ni Ọ̀jọ̀gbọ́n pariwo. "A ti ń sún mọ́ ọn!"

Nígbà tó béèrè lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n ń fi ìka wọn aago wò. Nígbà tó béèrè lẹ́ẹ̀kẹta, Ìyá Alápò gbé ojú sókè. "Ọmọ mi, jọ̀ọ́, sọ ọ́ fún wa. Orúnkún ń pa mí."

"Mọ̀mọ́, ẹ fẹ́ dójú tì wá ni?" Ọ̀jọ̀gbọ́n na ọwọ́ sókè sí ẹ̀rọ. "Ẹ má dá wọn lóhùn! A ò gba ìrànlọ́wọ́! Àwọn tí kò lọ sílé ìwé ló ń gba ìrànlọ́wọ́."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Ìyá Alápò lára. Ìwé mẹ́fà ló kà, gbogbo wọn ló sì mọ bẹ́ẹ̀. Ó wo ọ̀gá bóyá á sọ nǹkan. Ọ̀gá ń ka ìwé lórí pákó.

Bí wákàtí ṣe pé nìyẹn. Aago kan ké, ilẹ̀kùn ṣí láti ìta, ọmọ káńtà sì dúró síbẹ̀ pẹ̀lú pátákó "A Ò JÁDE." Ìyá Alápò mọ̀ pé àga ti lọ. Níwọ̀n ìgbà tí kò sẹ́ni tó rí kọ́kọ́rọ́, ọ̀gá ò ní ṣaláì gbé e fún ẹni tó ń ka táìlì. Ó rọra dìde, ó di ògiri mú, ó ṣí báàgì.

"Ọmọ mi, gbà. Oníbàárà yín kan gbàgbé kọ́kọ́rọ́ ilé ẹ̀ sínú kóòtù. Ẹ bá mi wá onítọ̀hún, á ti máa sunkún."

Ọmọbìnrin náà tú áńkáṣíìfù. Ó di ara ògiri mú, ẹ̀rín wá pa á débi pé pátákó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kàn lọ síbi ilẹ̀kùn, ó ti àgádágodo ńlá yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ihò kékeré kan sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó ki kọ́kọ́rọ́ olówùú búlúù bọ̀ ọ́, ó yí i. Kẹ́.

"Mọ̀mọ́!" ni Ọ̀jọ̀gbọ́n wí. "Ó wà lọ́wọ́ yín láti ìgbà wo?"

"Ìṣẹ́jú kẹta," ni ọmọ káńtà dá a lóhùn, ó ń nu ojú. "Gbogbo àwa òṣìṣẹ́ ibí la rí wọn nínú ẹ̀rọ. A ní wọ́n kàn ń fi yín ṣeré ni. Ìgbà mẹ́ta ni mo ní kí n sọ fún yín, ẹ ní ẹ kàwé."

Ojú ti Ìyá Alápò. Ó wù ú kí ilẹ̀ lanu gbé e mì. Òun tó ń fi wọ́n ṣẹ̀sín látàárọ̀, òun gan-an ló ti gbogbo wọn mọ́lé! Ó gbé kọ́kọ́rọ́ dání, ó ń fi orúnkún kúnlẹ̀ wá kọ́kọ́rọ́. Òmùgọ̀ wo ló tún kù?

"Sà, ẹ ò rí nǹkan?" Ọ̀jọ̀gbọ́n ti bẹ̀rẹ̀. "Ṣé irú ẹni báyìí ló máa ṣe olórí? Ẹni tí kò mọ ohun tó wà lọ́wọ́ ara rẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni ẹ̀gbọ́n wí. Àbúrò lanu, ó wo orúnkún Ìyá Alápò tí eruku ti bò, ó pa ẹnu dé.

Aago tó ké ti jí Ìyá Àgbà, ó sì ti gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀. Ó jókòó dáadáa lórí bẹ́dṣíìtì olówó. "Ọ̀gá, kí lẹ sọ nínú bọ́ọ̀sì?"

"Mo ní ẹni tó bá..." Ọ̀gá dúró.

"Ẹni tó bá ṣí ilẹ̀kùn ni?"

"Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí kọ́kọ́rọ́."

"Ẹ sì ní ẹ ò ní yí i padà. Ó rí i ní ìṣẹ́jú kẹta. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kà á nínú ìwé, ibo lẹ wà ní ìṣẹ́jú kẹta?"

"Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì," ni Bẹ́ẹ̀-Náà-Ni wí.

Ọ̀gá nu òwú kúrò níwájú orí. Ó wo ọmọ káńtà tó ṣì ń rẹ́rìn-ín, ó wo Ọ̀jọ̀gbọ́n, ó wo ilẹ̀kùn. Ọ̀rọ̀ ti bọ́ lẹ́nu rẹ̀, àgbàlagbà sì kì í lá itọ́ tó ti tu sílẹ̀. "Ó dáa," ló wí, bí ẹni tí wọ́n fún ní oògùn kíkorò. "Ó dáa, Ìyá Alápò."

Fọ́tò wọn ti wà lára ògiri lọ́ńdírì báyìí, ọ̀gá ló ní kí wọ́n gbé e síbẹ̀ nítorí ìṣọ̀kan. Mẹ́fà ni wọ́n, wọ́n gbé "A Ò JÁDE" dání, ojú gbogbo wọn le koko. Abẹ́ rẹ̀ gan-an ni àga wà, pẹ̀lú tìmùtìmù tí gáàdì, ọkọ Ìyá Alápò, fọwọ́ ara rẹ̀ rán. Ìyá Alápò jókòó síbẹ̀, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú. Ó ní ẹni tó bá lè ka táìlì á lè ka àpò, ni wọ́n bá gbé Ọ̀jọ̀gbọ́n lọ sídìí tábìlì.

"Ọ̀jọ̀gbọ́n, fa àpò yẹn síta kí n rí i."

"Mọ̀mọ́, mo ti yẹ̀ ẹ́ wò. Bí aṣọ yìí ṣe rí, kò lè sí nǹkan kan níbẹ̀, torí pé..."

"Òsì lo yẹ̀ wò. Ọ̀tún ńkọ́?"