Ẹ̀rọ Tí Kò Gba Àyè Lọ́wọ́ Melanio

Ohun tí ará ìlú Lipa ní Philippines kò ní gbàgbé nípa olóògbé Melanio ayàfídíò ni ọjọ́ tó gbéjà ko kọ̀ǹpútà níbi tí wọ́n ti ń gbé Dalisay níyàwó.

Ní Lipa, fídíò tí wọ́n bá yà ní ṣọ́ọ̀ṣì láàárọ̀, àwọn àlejò gbọ́dọ̀ wò ó níbi àsè lọ́jọ́ náà gan-an. Lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ tún le sí i. Bàbá ìyàwó, tó jẹ́ atukọ̀ òkun, kò bá ètò ṣọ́ọ̀ṣì, àsè nìkan ló bá, ọkọ̀ rẹ̀ sì ń dúró dè é. Fídíò yìí nìkan ló lè fi rí ọmọ rẹ̀ níwájú pẹpẹ.

Leonila, ìyàwó Melanio, tó máa ń bá a gbé kámẹ́rà, bẹ̀ ẹ́ títí. "Bàbá Tala, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yan ìwọ̀n kékeré fún fídíò náà, kó lè tètè jáde lórí kọ̀ǹpútà."

"Kékeré kẹ̀? Ṣé ìgbéyàwó kékeré ni wọ́n ṣe ni?"

Èyí tó tóbi jù ló máa ń yàn. Ó ti ṣe fídíò ìrìbọmi kan rí tó wúwo débi pé kò sí tẹlifíṣọ̀n tó gbé e ládùúgbò. Àwọn tẹlifíṣọ̀n ló bú.

Leonila tún ní kó pa ètò tí ẹ̀rọ fi ń sọ ara rẹ̀ di tuntun. Ó kọ̀. Ó ní ẹ̀rọ tí òun fowó òun rà kò jẹ́ dán an wò láì bèèrè. Àfi bí fídíò ṣe kù díẹ̀ kó parí, tí ẹ̀rọ da gbogbo rẹ̀ nù, tó ní òun ń sọ ara òun di tuntun. Ẹ ò rí àfojúdi!

"Ta ló rán ọ níṣẹ́?" Melanio jágbe mọ́ ọn. "Lójú ìyàwó! Lójú ẹlẹ́dẹ̀ sísun orí tábìlì àsè! Mo ní ta ló rán ọ?"

Ló bá já máíkì gbà, ó dúró níwájú aṣọ funfun tí fídíò ìbá hàn lára rẹ̀, ó ń fẹnu ṣe fídíò. Ó kọrin bíi dùùrù, ó sín bíi fáda. Ẹ̀rín pa àwọn àlejò. Ìtìjú mú Leonila, ó sì doríkodò, títí atukọ̀ fi dìde.

"Ṣé ọmọ mi wẹ̀yìn wò níwájú pẹpẹ?"

Ohùn Melanio wálẹ̀. "Ó wẹ̀yìn wò, ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀yin ló ń wá."

Nígbà tí Melanio kú, atukọ̀ wá kí Leonila.

"Mo wo fídíò náà nígbà tí ẹ tún un ṣe látinú kámẹ́rà, tó tẹ̀ mí lọ́wọ́," ó ní. "Kò wẹ̀yìn wò."

Leonila mọ̀. Òun ló gbé kámẹ́rà. "Ẹ forí jì í, ẹ̀gbọ́n."

"Kí ni mo fẹ́ forí jì? Irọ́ yẹn ni mo gbé lọ sójú òkun. Òun ló ń bá mi gbé níbẹ̀."