Àwọn Tó Lọ Bẹ̀bẹ̀ ní Iperindo

Aránṣọ ni Cecilia ní Iléṣà. Òun ló tọ́ Olúmúyìwá, àbúrò rẹ̀, dàgbà lẹ́yìn ikú ìyá wọn. Nígbà tó gbọ́ pé Múyìwá lu Tèmi ìyàwó rẹ̀ nílé wọn ní Dàda Estate, Òṣogbo, títí apá fi kán, ó ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa, kò ránṣọ mọ́ lọ́jọ́ náà. Síbẹ̀, òun náà ló ṣe onídùúró fún un ní kóòtù Òṣogbo.

Waliyullah, lọ́yà Múyìwá, là á yé wọn níwájú kóòtù.

"Bọ̀dá Múyìwá, ẹ gbọ́ mi dáadáa o. Kì í ṣe ìyàwó yín ló pè yín lẹ́jọ́, ìjọba ni. Bó tiẹ̀ dárí jì yín lónìí, ẹjọ́ ò tíì tán. Wọn ò tíì dá yín lẹ́bi, ẹ ó rojọ́ tiyín. Àmọ́ adájọ́ ní ẹ ò gbọdọ̀ dé ọ̀dọ̀ ìyàwó yín, ẹ ò sì gbọdọ̀ rán ẹnikẹ́ni sí i. Bí ẹ bá dé ibẹ̀, àtìmọ́lé lẹ ó ti máa wá jẹ́jọ́."

Múyìwá ń mi orí pé òun gbọ́.

Kò pẹ́ tó fi yọ sí Cecilia ní ṣọ́ọ̀bù, ó ń tayín.

"Sísí, ẹ bá mi yọ̀. Ẹjọ́ ti parí."

"Ta ló parí ẹ̀?"

"Àwọn bàbá wa ni. A ru iṣu, a lọ dọ̀bálẹ̀ fún bàbá Tèmi ní Iperindo. Wọ́n gba ẹ̀bẹ̀. Wọ́n tiẹ̀ gúnyán fún wa."

"Tèmi ńkọ́?"

"Bàbá Akíndélé tó ṣáájú wa lọ ní kó kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn àgbà. Ó fẹ́ ṣagídí, màmá ẹ̀ tẹ̀ ẹ́ léjìká." Ẹ̀rín pa á. "Ẹ ò bá wò ó, tòun ti apá tí wọ́n so kọ́rùn, bí adìẹ tí wọ́n ṣẹ́ lápá."

Cecilia wo ọwọ́ tó fi ń tayín. Òun ló máa ń gé èékánná ọwọ́ yẹn fún un ní kékeré.

"Lọ́yà ní kó o má débẹ̀."

"Ìwé ni lọ́yà kà. Ọ̀rọ̀ ẹbí rèé. Ẹ sáà bá wa dé kóòtù, kẹ́ ẹ sọ pé a ti parí ẹ̀ nílé."

"Màá wá."

Ó wá lóòótọ́. Nígbà tí wọ́n pe ẹjọ́ náà, ó dìde.

"Olúwa mi, mi ò lè dúró fún un mọ́. Ó lọ bá ìyàwó náà ní Iperindo. Ẹnu ara rẹ̀ ló fi sọ fún mi."

Adájọ́ bi Múyìwá bóyá òótọ́ ni.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Olúwa mi," ni Múyìwá wí tayọ̀tayọ̀. "Wọ́n tiẹ̀ ti gba ẹ̀bẹ̀."

Lọ́yà Waliyullah fọwọ́ bojú. Adájọ́ ní kí wọ́n dá a padà sí àtìmọ́lé. Bí ọlọ́pàá ti ń mú un lọ, ó ń wẹ̀yìn, ó ń wá ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Níta, Bàbá Akíndélé ká Cecilia mọ́ ẹnu ọ̀nà.

"Cecilia, ọmọ ìyá rẹ lo tà fún ìjọba?"

Cecilia wo ẹnu bàbá náà.

"Bàbá, ṣé iyán Iperindo yẹn dùn?"